Ṣáàtì wo ló tètè ń sọ̀rọ̀? Àkọsílẹ̀ iṣẹ́ lórí pẹpẹ ìdánwò tí mo kọ́ fún ṣáàtì ìṣàkóso

Ẹ̀rọ kan ń rọ ohun olómi sínú ìgò. Giráàmù 500 ló yẹ kí ìgò kọ̀ọ̀kan gbà. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, òṣìṣẹ́ á mú ìgò kan, á gbé e sórí òṣùwọ̀n, á kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, á sì fi àmì sójú ṣáàtì. Tí àmì bá kọjá ààlà òkè tàbí ààlà ìsàlẹ̀, wọ́n á dá ẹ̀rọ dúró, wọ́n á wá ohun tó fà á. Àwọn tó ni ẹ̀rọ náà ní ṣáàtì wọn ń pariwo jù. Ìbéèrè tí wọ́n gbé wá bá mi kò gùn: ṣé ká máa lo ṣáàtì yìí lọ, àbí ká pààrọ̀ rẹ̀?

Wíwo ṣáàtì lójú kò lè dáhùn ìyẹn. Ṣáàtì dà bí ajá tó ń ṣọ́lé. Èyí tó ń gbó nígbàkígbà tí ewé bá mì kò ní jẹ́ kí olè kankan ráyè wọlé, àmọ́ láìpẹ́ kò ní sí ẹni tó máa dìde lórí ibùsùn nítorí gbígbó rẹ̀ mọ́. Èyí tí kì í gbó kì í da oorun ẹnikẹ́ni rú, títí ilẹ̀ á fi mọ́ tí wọ́n á bá ilé ní òfìfo. Ohun méjì ni mo ní láti wọ̀n, nígbà náà: bó ṣe ń pẹ́ tó kí ṣáàtì tó kígbe lásán nígbà tí nǹkan kan kò ṣe ẹ̀rọ, àti bó ṣe ń pẹ́ tó kó tó sọ̀rọ̀ nígbà tí nǹkan ti bàjẹ́ lóòótọ́. ARL ni àwọn tó wà nínú iṣẹ́ yìí ń pe méjèèjì, ìyẹn ìpíndọ́gba iye àyẹ̀wò kí ìkìlọ̀ tó dún. ARL0 ni ti ìgbà àlàáfíà, ARL1 ni ti ìgbà wàhálà. A fẹ́ kí ti àkọ́kọ́ gùn, a fẹ́ kí ti èkejì kúrú, ó sì bani nínú jẹ́ pé okùn kan náà ló so méjèèjì pọ̀: fa ọ̀kan, èkejì á tẹ̀ lé e.

Pẹpẹ náà fúnra rẹ̀

Ètò kọ̀ǹpútà tó ń dán ṣáàtì wò ni pẹpẹ yìí. Python, èdè kọ̀ǹpútà kan, ni mo fi kọ ọ́, kò sì gùn. Apá kan ń ṣẹ̀dá ìwọ̀n ìgò láti inú nọ́ńbà àdàlú tí ìtànká rẹ̀ rí bí agogo, bí ẹni pé ẹ̀rọ gan-an ló ń rọ ọ́. Àárín rẹ̀ jẹ́ 500, ìyapa rẹ̀ jẹ́ giráàmù 2. Ìyapa yìí, ìyẹn bí ìwọ̀n ṣe sábà máa ń jìnnà sí àárín tó, ni mo ń pè ní sígímà láti ìsinsìnyí lọ. Apá kejì ni ṣáàtì: ó ń gba ìwọ̀n kan lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń dáhùn "máa lọ" tàbí "dúró". Apá kẹta ń ka iye ìgò tó kọjá kí "dúró" tó jáde, á kọ ọ́ sílẹ̀, á pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀, ìgbà 10,000.

Mo ya ṣáàtì sọ́tọ̀ pátápátá kúrò lára apá tó ń ṣẹ̀dá ìwọ̀n. Kò gbọdọ̀ mọ ìgbà tí mo mú kí àárín yẹ̀, kò sì gbọdọ̀ mọ sígímà gidi àyàfi tí mo bá dìídì fi lé e lọ́wọ́. Tí a bá pa apá méjèèjì pọ̀ sínú kóòdù kan, ẹni tó ṣètò ìdánwò náà ló tún ń jókòó kọ ọ́, máàkì rẹ̀ ò sì ní ṣàì pọ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 10,000? Iye àyẹ̀wò kí ìkìlọ̀ tó dún máa ń fò sókè sódò gan-an. Tí ìpíndọ́gba rẹ̀ bá jẹ́ 370, ìyapa rẹ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 370. Ẹni tó bá tún un ṣe ní ìgbà 100 péré, àṣìṣe ìpíndọ́gba tó máa rí á tó 37, kò sì ní lè fi ìyàtọ̀ sáàárín ṣáàtì tó ń fúnni ní 340 àti èyí tó ń fúnni ní 400. Ní ìgbà 10,000, àṣìṣe náà bọ́ sí 3.7. Èmi lè gba ìyẹn mọ́ra.

Ṣáàtì àkọ́kọ́ tí mo gbé sórí pẹpẹ ni ti Walter Shewhart, nítorí pé ìdáhùn rẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1924 ni Shewhart kọ́kọ́ ya irú ṣáàtì yìí, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Western Electric ní Amẹ́ríkà. Ìlà àárín kan, ààlà méjì. Sígímà 3 sókè àti 3 sísàlẹ̀ ló wá di àṣà. Fún ẹ̀rọ tiwa, ìyẹn 506 àti 494. Tí ìtànká bá rí bí agogo lóòótọ́, ìwọ̀n 27 nínú 10,000 á bọ́ síta láìsí pé ohunkóhun ṣe ẹ̀rọ; fi 0.0027 pín 1, wàá rí 370. Pẹpẹ tí kò bá fún mi ní nǹkan bíi 370 kò tíì yẹ fún iṣẹ́ kankan. Ó fún mi. Mo sún àárín sí 502, ìyẹn sígímà 1, níbi tí ìṣirò ti sọ pé 43.9 ló yẹ kó jáde, pẹpẹ náà kò sì jiyàn.

Nọ́ńbà 370 yìí ń tan èèyàn jẹ, ẹ jẹ́ kí n dúró lé e lórí díẹ̀. Pẹ̀lú àyẹ̀wò 12 ní wákàtí kan, 370 jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 31. Ọ̀pọ̀ èèyàn á gbọ́ ìyẹn, wọ́n á rò pé ìkìlọ̀ asán kan máa ń wá ní wákàtí 31, á tún lọ fún wákàtí 31, bí aago. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdajì gbogbo ìkìlọ̀ asán ló ń dún kí àyẹ̀wò tó pé 256. Ìkan nínú mẹ́wàá ń dún láàárín 39 àkọ́kọ́, ìyẹn láàárín wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀ tí wọ́n tan ẹ̀rọ. Nítorí náà, òṣìṣẹ́ tó gba ìkìlọ̀ asán kí ó tó jẹun ọ̀sán kò rí ohun àjèjì. Mo ní kí pẹpẹ máa tẹ ìdá mẹ́wàá àkọ́kọ́, ìdajì àti ìpíndọ́gba jáde pa pọ̀, mi ò sì tún gbà kí ẹnikẹ́ni fi ìpíndọ́gba nìkan hàn mí.

Ìgò tó wọn 506

Òṣùwọ̀n tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà kì í kọ ìdá giráàmù. Odindi nìkan ló ń fi hàn. Mo ní kí pẹpẹ máa sọ ìwọ̀n di odindi kó tó gbé e fún ṣáàtì, kó lè jọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Lójú ẹsẹ̀ ni 370 bá fò lọ.

Ohun tó fà á ni ìbéèrè kan tí kò sí nínú ìlànà iṣẹ́ tí wọ́n kọ mọ́ ara ògiri: ìgò tí òṣùwọ̀n bá fi 506 géérégé hàn fún, ṣé inú ààlà ló wà ni, àbí ìta? Tí a bá ní inú ló wà, ìgò tó máa fa ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ fi 507 hàn, ìyẹn ni pé ìwọ̀n rẹ̀ gidi ti tó 506.5. Ààlà wa ti di sígímà 3.25 láìsí ẹni tó mọ̀, ARL0 sì na títí dé nǹkan bíi 867. Tí a bá ní ìta ló wà, 505.5 ti tó láti dá ẹ̀rọ dúró, ààlà ti di sígímà 2.75, ARL0 sì já wá sí nǹkan bíi 168. Òṣìṣẹ́ méjì tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn lè máa ka ìgò yìí lọ́nà méjì, kí ọ̀kan máa gbọ́ ìkìlọ̀ asán ní ìlọ́po márùn-ún ju èkejì lọ, kí wọ́n sì jọ di ẹ̀bi ru ẹ̀rọ.

Kò sí bí a ṣe lè fi odindi giráàmù rí 370 gan-an níbí. Ojútùú rẹ̀ ni òṣùwọ̀n tó ń ka ìdá kan nínú mẹ́wàá giráàmù. Títí ìyẹn á fi dé, mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sójú ṣáàtì pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà pé 506 wà nínú ààlà, kí gbogbo èèyàn lè máa kà á bákan náà.

Àwọn tó ní ìrántí

Ṣáàtì Shewhart kì í rántí nǹkan. Ìgò kọ̀ọ̀kan ló ń dá dúró níwájú ààlà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìgò mẹ́wàá tó ṣáájú kò kàn án. Ìdí nìyí tó fi lọ́ra tó bẹ́ẹ̀ fún ìyẹ̀ kékeré, ìyẹn nígbà tí àárín bá yẹ̀ díẹ̀. Ìyẹ̀ sígímà 1, giráàmù 2 lórí ìgò kọ̀ọ̀kan, gba àyẹ̀wò 44 ní ìpíndọ́gba: wákàtí mẹ́ta àti ogójì ìṣẹ́jú tí ẹ̀rọ fi ń ṣòfò.

E. S. Page ló gbé ṣáàtì tí wọ́n ń pè ní CUSUM jáde ní 1954 fún irú ìyẹ̀ báyìí. CUSUM ń kó àpọ̀jù jọ. Mo yọ 501 (500 pẹ̀lú ìdajì sígímà) kúrò nínú ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, mo sì fi ohun tó kù kún àkójọ kan. Tí àkójọ náà bá fẹ́ lọ sísàlẹ̀ òdo, mo dá a dúró sí òdo. Àkójọ kejì wà fún apá ìsàlẹ̀, ó ń fi ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan yọ kúrò nínú 499. Ìgbà tí ọ̀kan nínú méjèèjì bá kọjá 9.54, ìyẹn sígímà 4.77, ó di "dúró".

Ẹ wo ìgò mẹ́jọ yìí, lẹ́yìn tí àárín ti yẹ̀ sókè:

ìwọ̀n: 501, 503, 500, 504, 502, 501, 505, 502
àkójọ: 0, 2, 1, 4, 5, 5, 9, 10

Kò sí ìkankan nínú wọn tó kan 506. Shewhart ò gbin. CUSUM ní tirẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà ìgò kẹjọ.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ di àríyànjiyàn nígbà tí mo fi han ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń dúró ti ẹ̀rọ náà. Ó wo ìgò kẹjọ, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, 502 lèyí o. 505 kọjá ṣáájú rẹ̀, ẹ ò ní ká dúró. 502 lẹ wá fẹ́ dá wa dúró fún?" Ìbéèrè tó yè kooro ni. Mo ní, "Àbúrò, ìgò yìí kọ́ ló jẹ̀bi. Ka mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pọ̀ kí o wo iye tó wà lábẹ́ 500." Ó kà á, kò rí ẹyọ kan. Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ó wá ní kí n kọ àkójọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀n lójú kọ̀ǹpútà, nítorí pé tí àwọn bá rí 502 nìkan, kò sẹ́ni tó máa gbà. Mo ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìyípadà tó wúlò jù lọ tí mo ṣe sí ojú ìwò náà nìyẹn, kò sì ti ọ̀dọ̀ mi wá.

Ṣáàtì kẹta ni EWMA, tí S. W. Roberts gbé jáde ní 1959. Òun ń rántí, àmọ́ ó ń gbàgbé díẹ̀díẹ̀: ìdá 0.1 nínú ìwọ̀n tuntun, ìdá 0.9 nínú ohun tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nítorí pé ó ń pa nǹkan pọ̀, ìyapa tirẹ̀ kéré gan-an, ààlà rẹ̀ sì fún: nǹkan bíi sígímà 0.62 sí apá méjèèjì, ìyẹn 501.24 sókè àti 498.76 sísàlẹ̀. Àwọn tó ń wo ojú ìwò fẹ́ràn EWMA ju CUSUM lọ, torí pé giráàmù ni nọ́ńbà rẹ̀, wọ́n sì mọ giráàmù.

Kí wọ́n tó díje

Iṣẹ́ tó le jù nínú gbogbo èyí ni kí n mú kí gbogbo ṣáàtì ní ARL0 kan náà kí n tó fi wọ́n wéra. Ẹni tó bá fi CUSUM tí ààlà rẹ̀ jẹ́ sígímà 4 wé Shewhart onísígímà 3 á rí i pé CUSUM ń rí ìyẹ̀ sígímà 1 láàárín àyẹ̀wò 8.4. Ó dára lójú. Àmọ́ ARL0 CUSUM yẹn jẹ́ 168, ìkìlọ̀ asán rẹ̀ sì ju ìlọ́po méjì ti Shewhart lọ. Apá kan nínú eré sísá rẹ̀, owó ìkìlọ̀ asán ló fi rà á. Mo gbé ààlà rẹ̀ lọ sí 4.77, ARL0 bọ́ sí 370, eré sì wá di 9.9. Ó ṣì fi Shewhart sílẹ̀ jìnnà, ó sì jẹ́ òótọ́ báyìí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ló ba àwọn òfin àfikún jẹ́, àwọn tí ìwé atọ́nà Western Electric ti 1956 tàn kálẹ̀: méjì nínú mẹ́ta tó kọjá sígímà 2 lápá kan náà, mẹ́rin nínú márùn-ún tó kọjá sígímà 1, mẹ́jọ tó tẹ̀ léra ní apá kan ìlà àárín. Ọ̀gá kan nínú àwọn tó gbé iṣẹ́ wá fẹ́ kí n kàn fi gbogbo rẹ̀ kún ṣáàtì tó wà nílẹ̀ ká sì parí ọ̀rọ̀. Òfin kọ̀ọ̀kan bọ́gbọ́n mu tó bá dá dúró. Gbogbo wọn pa pọ̀, àwọn onímọ̀ méjì, Champ àti Woodall, ti ṣírò rẹ̀ láti 1987: ARL0 já láti 370 wá sí 91.75. Lórí ẹ̀rọ wa, ìyẹn jẹ́ wákàtí méje àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀, ìkìlọ̀ asán kan fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan láàárín wákàtí mẹ́jọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo fi hàn án lórí pẹpẹ, ó ní kí n yọ wọ́n.

Ohun tó jáde nígbà tí mo mú wọn dọ́gba nìyí. Òpó tó kẹ́yìn ni CUSUM tí ààlà rẹ̀ jẹ́ sígímà 5 tí mo so ààlà Shewhart onísígímà 3.5 mọ́, bí onímọ̀ kan, Lucas, ṣe dábàá rẹ̀ ní 1982.

| Ìyẹ̀ (sígímà) | Shewhart 3 | CUSUM 4.77 | CUSUM 5 + Shewhart 3.5 |
|---|---|---|---|
| 0 | 370 | 370 | 391 |
| 0.5 | 155 | 35 | 37 |
| 1 | 43.9 | 9.9 | 10.2 |
| 2 | 6.3 | 3.9 | 3.8 |
| 3 | 2.0 | 2.5 | 2.1 |

Ẹ wo ìlà tó kẹ́yìn. Nígbà tí ìyẹ̀ bá tóbi, Shewhart ló ń ṣáájú. Kò dúró kó nǹkan kan jọ. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ kì í yẹ̀ àfi tí nǹkan bá ya tàbí tí páìpù bá dí kò ní ìdí láti sá lọ sọ́dọ̀ CUSUM. Ti ẹ̀rọ yìí yàtọ̀: rọ́bà tó wà nínú fáàfù rẹ̀ ń jẹ díẹ̀díẹ̀, ìyẹ̀ kékeré ló ń fi jẹ wọ́n ní owó. Mo mú ti òpó tó kẹ́yìn fún wọn.

Mi ò fi EWMA sínú tábìlì torí pé ó sún mọ́ CUSUM pẹ́kípẹ́kí nígbà tí ARL0 wọn bá dọ́gba: nǹkan bíi 10 fún ìyẹ̀ sígímà 1. Ibì kan ni mo ti rí ìyàtọ̀ tó jẹ mí lógún. Ìdánwò tí mo ṣe títí dé ibí yìí jẹ́ kí ìyẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ṣáàtì ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ẹ̀rọ gidi kì í dúró dè wá bẹ́ẹ̀. Ká ní EWMA ti rọra sọ̀ kalẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ ààlà ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípa àkọsẹ̀bá, tí àárín wá yẹ̀ sókè ní sígímà 1. Ó ní láti kọ́kọ́ gun òkè padà sí àárín kó tó lè dé ààlà òkè. Tí a bá tẹ̀ lé ìpíndọ́gba ọ̀nà rẹ̀, láti àárín ó gba nǹkan bí àyẹ̀wò 9. Láti ìsàlẹ̀ pátápátá ó gba nǹkan bíi 14. CUSUM kò ní àrùn yìí, nítorí àkójọ òkè rẹ̀ kì í sọ̀ kalẹ̀ kọjá òdo. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ìgò 100 tí ara wọn dá ṣáájú ìyẹ̀ nínú gbogbo ìdánwò, mo sì ń sọ ìgbà tí ìkìlọ̀ asán bá dún láàárín 100 yẹn nù.

Dátà gidi wọlé

Títí dé ibí, gbogbo ìgò tí mo rọ jẹ́ ti inú kọ̀ǹpútà, ìkankan nínú wọn kò sì mọ èyí tó ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fún mi ní àkọsílẹ̀ òṣùwọ̀n, ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni kí n ya ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sójú èyí tó tẹ̀ lé e. Ó yẹ kí àmì wọn fọ́n ká bí ìyẹ̀fun tó dà sílẹ̀. Ṣe ni wọ́n dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lọ sókè: ìgò tó wúwo ń tẹ̀ lé ìgò tó wúwo. Kò yani lẹ́nu. Omi inú táńkì ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìgbóná rẹ̀ ń yí padà díẹ̀díẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún kò sì tó fún un láti gbàgbé. Ìbátan láàárín ìgò kan àti èyí tó tẹ̀ lé e sún mọ́ 0.5.

Ìpalára tí èyí ń ṣe ju ohun tí mo rò lọ, torí pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wá sígímà ló kọ́kọ́ ń bà jẹ́. Nígbà tí a bá ń yẹ ìgò kan wò lẹ́ẹ̀kan, àṣà ni pé ká gba ìyàtọ̀ láàárín ìwọ̀n kan àti èyí tó ṣáájú rẹ̀, ká wá ìpíndọ́gba àwọn ìyàtọ̀ náà, ká fi 1.128 pín in. Tí ìgò aládùúgbò bá ń fara jọra, ìyàtọ̀ wọn á kéré, sígímà tí a rí á sì kéré ju ti gidi lọ. Ìṣirò rẹ̀ mọ́ tónítóní: ohun tí a máa rí jẹ́ sígímà gidi lọ́nà gbòǹgbò onípò méjì 1 tí a yọ ìbátan kúrò nínú rẹ̀. Fún 0.5, ó jẹ́ 0.707. Ààlà tí wọ́n kọ "sígímà 3" sí lára jẹ́ sígímà 2.12 lóòótọ́, ìwọ̀n 3.4 nínú 100 ló sì ń bọ́ síta láìsí ẹ̀ṣẹ̀. Àmì kan nínú ọgbọ̀n. Tí ìbátan bá tó 0.75, ààlà ti di sígímà 1.5, ìwọ̀n 13 nínú 100 ló ń bọ́ síta.

Mo gbé ìbátan 0.5 sínú apá tó ń ṣẹ̀dá ìwọ̀n, mo sì jẹ́ kí ṣáàtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fúnra wọn wá sígímà lọ́nà àṣà. Gbogbo ìyàtọ̀ tí mo fara balẹ̀ wọ̀n nínú tábìlì òkè yẹn dàrú. CUSUM àti EWMA ló tilẹ̀ jìyà jù, nítorí pé ohun tí wọ́n ń wá, ìyẹn ọ̀wọ́ ìgò tó fara jọra lápá kan, ni ìbátan ń ṣe jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Àríyànjiyàn nípa ṣáàtì tó dára jù kò ní ìtumọ̀ kankan tí a kò bá tíì yanjú èyí. Ohun tó wà nídìí ìròyìn wọn pé "ṣáàtì wa ń pariwo jù" nìyí, ṣáàtì yòówù tí a bá gbé síbẹ̀ ì bá sì pariwo bákan náà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀nà méjì ni mo gbé yẹ̀ wò. Ọ̀kan ni pé kí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ sọ àsọtẹ́lẹ̀ ìgò tó ń bọ̀ láti inú èyí tó wà nílẹ̀, kí ṣáàtì máa wo àṣìṣe àsọtẹ́lẹ̀ náà. Ìkìlọ̀ asán rọlẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́ bí ìwé ṣe sọ. Àléébù rẹ̀ ni pé àsọtẹ́lẹ̀ náà ń kọ́ ìyẹ̀ mọ́ra: lẹ́yìn ìgò àkọ́kọ́, ìdajì ìyẹ̀ nìkan ló kù lójú ṣáàtì nígbà tí ìbátan bá jẹ́ 0.5. Ìyẹ̀ sígímà 1 di nǹkan bíi 0.58 ní ìwọ̀n sígímà àṣìṣe náà. Ọ̀nà kejì ni pé ká dín àyẹ̀wò kù sí ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìbátan bọ́ sí 0.125, ààlà àṣà bọ́ sí sígímà 2.8, ìwọ̀n tó ń bọ́ síta lásán sì di ìdajì ìkan nínú 100. Ó rọrùn láti ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ àyẹ̀wò mẹ́wàá ti di wákàtí méjì àti ààbọ̀.

Mi ò mú ìkankan nínú méjèèjì. Mo fi àyẹ̀wò sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún, mo wá sígímà láti inú ìyapa gbogbo àkọsílẹ̀ àlàáfíà dípò ìyàtọ̀ aládùúgbò, mo sì lo pẹpẹ láti gbé ààlà CUSUM sókè títí ARL0 fi padà sí 370 pẹ̀lú ìbátan nínú rẹ̀. Kò sí nínú tábìlì ìwé kankan tí mo ní, ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi kọ́ pẹpẹ nìyẹn. Ìyẹ̀ sígímà 1 kò yára bíi ti tábìlì òkè mọ́. Ó ṣì yára ju ọ̀nà méjèèjì yẹn lọ.

Ìgò mélòó la fi ń mọ sígímà?

Èyí kò gba àyè púpọ̀, àmọ́ kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fò ó. Wọ́n ní kí n gba ìgò 50 kí n sì ṣírò ààlà. Tí sígímà tí mo rí bá fi ìdá mẹ́wàá kéré sí ti gidi, ààlà Shewhart á di 2.7, ARL0 á já sí 144. Tó bá fi ìdá mẹ́wàá pọ̀ jù, ARL0 á fò lọ sí nǹkan bíi 1,034. Pẹ̀lú ìgò 50 tí kò ní ìbátan, àṣìṣe sígímà máa ń tó ìdá mẹ́wàá ní ìgbà kan nínú mẹ́ta. Pẹ̀lú 300, ìyapa àṣìṣe náà bọ́ sí nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Tí ìbátan bá wà, ìgò 300 kò jẹ́ 300 mọ́, nítorí náà mo béèrè fún ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì kọ̀ láti tẹ ààlà kankan jáde kí ó tó pé. Wọ́n kùn díẹ̀.

Lẹ́yìn "dúró"

Ohun tó kù ni ohun tí òṣìṣẹ́ máa ṣe nígbà tí CUSUM bá sọ̀rọ̀. Shewhart kàn ń sọ pé ìgò yìí ò dára. CUSUM lè sọ ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe tóbi tó, mo sì fi ìyẹn sójú ìwò báyìí. Ka ìgò láti ìgbà tí àkójọ ti kúrò ní òdo: nínú mẹ́jọ tí mo kọ sókè, wọ́n jẹ́ méje. Fi 7 pín àkójọ náà, ìyẹn 10, fi èsì rẹ̀ kún 501: 502.4. Ẹ̀rọ ti ń rọ giráàmù 2.4 ju bó ṣe yẹ lọ láti nǹkan bí ìgò kejì. Kọ̀ǹpútà ń kọ méjèèjì sábẹ́ "dúró", nọ́ńbà àti aago ìgò náà. Òṣìṣẹ́ á yí fáàfù sísàlẹ̀ ní ìwọ̀n yẹn, á tẹ bọ́tìnnì tó ń dá àkójọ méjèèjì padà sí òdo, á sì kọ ohun tó bá lára rọ́bà. Nígbà tí àkọsílẹ̀ rọ́bà bá pọ̀ tó, màá tún ìyẹ̀ inú pẹpẹ kọ kó máa rìn díẹ̀díẹ̀ bí rọ́bà ṣe ń jẹ, dípò kó máa fò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, màá sì tún gbogbo ìdíje náà ṣe.